Ohun Tí “Adopt” Jẹ́ Lọ́dọ̀ Wọn

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Fẹ́búárì, 1964.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Adéwálé,

Mo kí yín láti inú òtútù tí kì í jẹ́ kí ìka gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ìyá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, àti gbogbo ará ilé tó bá ń béèrè mi. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, ẹ má bínú. Láàárọ̀ mo wà níbi iṣẹ́, nírọ̀lẹ́ mo wà ní kíláàsì. Bí mo bá ń jáde ni Fúnkẹ́ ń ti ọsibítù tó ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bọ̀. Orí àtẹ̀gùn la ti máa ń kí ara wa.

Ìdánwò tí mo ṣe ní ìparí ọdún, n kò yege. Ẹ má tíì sọ fún Ìyá.

Ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá ló mú mi jókòó kọ èyí. Ẹ rántí pé láti kékeré ni a ti fi í sọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan, Mísíìsì Fíṣà, ní ìlú kan létí òkun, nítorí onílé wa kò gba ọmọ ọwọ́ sílé, kò sì sí ẹni tí yóò dì í mú bí àwa méjèèjì bá jáde. Ó ti rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ dá. Bí a bá ráyè, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín, a kì í ráyè púpọ̀.

Mísíìsì yìí ti kọ̀wé sí wa báyìí pé òun àti ọkọ òun fẹ́ “adopt” Bùkọ́lá. Ó ní a óò fọwọ́ sí ìwé, a óò sì dé iwájú adájọ́, ó parí. Mo wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ó ní kí ènìyàn mú ọmọ ọlọ́mọ kí ó fi ṣe ọmọ ara rẹ̀ ni. Fúnkẹ́ ní kí n kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ èmi ò tún rí ohun kankan dáadáa mọ́ láyé yìí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sì bá Ìyá sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n óò ṣe. Ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ro nǹkan kan.

Èmi àbúrò yín,
Ọládipọ̀


Ìlọrá,
Ọjọ́ kìíní oṣù Máàṣì, 1964.

Dípọ̀, àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé orúnkún àwọn ṣì ń dun àwọn, àti pé ẹni tó bá ń béèrè orúnkún ló yẹ kó fi oògùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó mi kí ọ. Adéwálé àti àwọn àbúrò rẹ̀ kí ọ.

Ti ìdánwò, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò yàtọ̀ sí ọ. Látìgbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún ni ohun kan ti ń ṣe mí: mo lè dúró níwájú pátákó nílé ẹ̀kọ́, kí n kọ gbólóhùn kan fún àwọn ọmọ, kí n yíjú padà wò ó, kí n wá máa rò ó bóyá ẹni tó kọ́ èmi pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níhìn-ín. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Ní ìpàdé ìjọ, bí akọ̀wé bá ka àkọsílẹ̀ tán, èmi ni mo sábà ń dìde pé kí á “adopt” rẹ̀, gbogbo ilé á sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ti ọmọ yàtọ̀, nítorí náà mo lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí tìrẹ wí náà ló wí. Mo kà á fún Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá ní, “Kí a mú ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọmọ ẹni. Ìyẹn ni wọ́n fi kọ gbogbo ojú ìwé yìí kún? Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrá?”

Mo ní, “Bí mo ti rò ó nìyẹn, Ìyá.”

“Àbí obìnrin náà kò bímọ ni?”

“Ó bí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ń wá ẹni tí yóò máa rán níṣẹ́.”

“Àwọn òyìnbó kì í rán ọmọ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

“Ta ló wá ń bá wọn pọnmi?”

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ló béèrè ohun tí adájọ́ ń wá níbẹ̀, pé ta ló jalè. Mo sọ fún un pé ìwé làwọn òyìnbó fi ń ṣe ohun gbogbo, pé ajá pàápàá, wọ́n ń gbàwé fún un kí wọ́n tó sìn ín. Ó ní Ọlọ́run á gbà wá.

Dípọ̀, ìwọ gan-an wo ara rẹ. Ọ̀dọ̀ ta lo ti dàgbà? Ìyá Sàúdátù ní Fìdítì kò bá wa tan, kò sì bá wa ṣe ẹ̀sìn kan náà. Ọ̀rẹ́ ọjà ni òun àti Ìyá. Ó ní ilé òun dákẹ́ jù, Ìyá sì di ẹrù rẹ. Ó rán ọ nílé ìwé, ó nà ọ́ nígbà tó yẹ, o padà wálé tí o ń gba ààwẹ̀, Bàbá wa tí í ṣe díákónì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní ọmọ Ìyá Sàúdátù ni ọ́, ọmọ wa náà sì ni ọ́. Kí ni ó dínkù nínú rẹ?

Èrò mi ni pé kí o fọwọ́ sí i. Sọ fún ìyàwó wa kó fọkàn balẹ̀. Ìyá ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ pé òyìnbó ń bá òun tọ́ ọmọ. Ó ní kí o bá òun kí obìnrin náà, pé bí Bùkọ́lá bá tó ẹni tí ń lọ ilé ẹ̀kọ́ kí ó jẹ́ kó wá mọ ilé.

Mo ti tún lẹ́tà yìí kà. Ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú tó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Amos Olúbọ̀dé


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Máàṣì, 1964.

Bàbá Adéwálé, bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àfojúdi ni mo ṣe tí mo fi kọ̀wé sí yín láìjẹ́ pé Bàbá Bùkọ́lá mọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Lẹ́tà yín ló ń gbé sókè sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́n ju Ẹ̀gbọ́n mi lọ ni?” N kò gbọ́n jù yín lọ, sà.

Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, mo sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin ìjọba tó wá bẹ ilé Mísíìsì wò. Bí a bá fọwọ́ sí i, tí adájọ́ sì gbà, Bùkọ́lá kò ní jẹ́ ọmọ wa mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni mò ń sọ. Wọn yóò kọ ìwé ìbí mìíràn fún un, orúkọ Fíṣà ni yóò máa jẹ́, Mísíìsì àti ọkọ rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló bí i. Bí wọ́n bá ní kí a má wá kí i, a kò gbọdọ̀ wá. Bí a bá parí ẹ̀kọ́ tí a ń bọ̀ nílé, a óò fi í sílẹ̀. Bí ó bá dàgbà, kò sí ẹni tó di dandan fún láti sọ fún un pé a wà láyé.

Súsàánì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ báyìí. Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní “Bùkọ́lá”, kò wẹ̀yìn. Mo ní “Súsàánì”, ó sáré wá, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, Áńtí.” Ní gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́.

Mísíìsì kì í ṣe ènìyàn búburú, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin nìkan ni Bàbá Bùkọ́lá lè gbọ́ tiyín. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún kọ̀wé sí i.

Ọmọ yín nínú ilé,
Olúwafúnkẹ́


Ìlọrá,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Éépìrì, 1964.

Ìyàwó wa, Ìyá Bùkọ́lá,

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà, n kò sì tètè dáhùn. Kì í ṣe pósófíìsì ló fà á. Inú Bíbélì mi ni mo fi í sí, mo ń gbé e lọ sí ilé ìjọsìn, mo ń gbé e bọ̀, n kò sì kà á fún Ìyá.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ní ọjọ́ kan, mo gbà pé òótọ́ lo wí. Ní ọjọ́ kejì, mo ní bóyá ìjà tọkọtaya ló wà nídìí rẹ̀, pé èmi kò gbọdọ̀ dá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí n kò dé rí. Mo tún ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Kò sí ìwé ìbí níbẹ̀, kò sí orúkọ tí wọ́n ń pa dà. Ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ẹni, ó tán. Mo wá ń rò ó pé àwọn tó kọ ìwé náà kò ka ìyókù sí ohun tó yẹ ní sísọ, nítorí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún ti mọ̀ ọ́n láti ilé wọn. Àwa kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ̀ bóyá èyí tí mò ń rò yìí tọ̀nà.

Máa ṣe sùúrù pẹ̀lú ọkọ rẹ. Má ṣe bá a jà. Mo ń wá ẹni tí mo lè bi léèrè.

Bàbá rẹ,
Amos Olúbọ̀dé


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Mée, 1964.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá. Oògùn orúnkún wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Mo ti fọwọ́ sí i níwájú adájọ́ kékeré tó ń jẹ́rìí sí ìwé. Fúnkẹ́ kò fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó kó àwọn aṣọ rẹ̀ lọ sí ilé àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní bí orí mi bá padà sípò kí n wá pe òun. Bí mo ti wà nìyí nínú yàrá yìí, èmi àti ìwé tí n kò lè kà wọ inú.

Mo gbọ́ pé ẹ kọ̀wé sí i. Ó fi lẹ́tà náà hàn mí kí ó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe yín? Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Ẹ wá ń sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn pé ẹ kò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Èwo ni kí n mú?

Ní oṣù Júláì ni ọ̀rọ̀ náà yóò dé iwájú adájọ́ tí yóò dá a. Wọ́n ní bí ìyá ọmọ bá kọ̀, adájọ́ lè sọ pé kò ní ìdí tí ó fi kọ̀, pàápàá ìyá tí kì í gbé pẹ̀lú ọmọ, kí ó sì gbà á láìwo ti rẹ̀. Nígbà náà ìtìjú ni yóò kù fún wa. Ẹ̀yin ni olórí ilé. Ẹ kọ̀wé sí Fúnkẹ́ kí ó fọwọ́ sí i, kí ó padà wálé, kí gbogbo rẹ̀ parí. Bí ẹ bá sọ ọ́, yóò ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ọládipọ̀


Ìlọrá,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Mée, 1964.

Dípọ̀,

N kò ní kọ lẹ́tà tí o ní kí n kọ sí ìyàwó rẹ. Jọ̀wọ́ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin kí o tó bínú.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ bá lọ́yà kan tó kàwé níbi tí o wà. Mo gbé lẹ́tà rẹ àti ti ìyàwó rẹ lọ. Ó kà wọ́n, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ ní ọmọ?”

Mo ní mo ní.

“Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ní Fìdítì, tí ẹ bá jí lónìí tí ẹ ní ẹ fẹ́ ọmọ yín, kí lẹ ó ṣe?”

“Mo máa wọ mọ́tò lọ mú un.”

Ó ní, “Kò sí mọ́tò tó ń lọ ibi tí wọ́n fẹ́ mú èyí lọ. Ohun tí ìyàwó yín kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Òun ló gbọ́ ọ yé jù.”

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo dúró lábẹ́ igi kan ní àgbàlá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibùdókọ̀. Mo mọ gbogbo lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ náà, mo mọ bí wọ́n ti ń pè é, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé Ìyá Sàúdátù ni mo ń rí nígbà tí mò ń kà á. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn. Mo kà á sínú ilé tiwa, wọ́n sì kọ ọ́ nínú ilé tiwọn.

Ó di dandan kí n sọ fún Ìyá. Iṣu ló ń bẹ nígbà tí mo sọ ọ́. Kò gbójú sókè. Ó bẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, “Nígbà tí mo mú Dípọ̀ fún Ìyá Sàúdátù, n kò fún un. Mo ní kó bá mi mú un dání.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ta ló wá sọ fún òyìnbó pé ọmọ mi kò nílé?”

Mo ní, “Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo ní kí Dípọ̀ fọwọ́ sí i.”

“Ìwọ tí o kàwé.”

“Èmi náà, Ìyá.”

“Tí mo ti ń fi í yangàn ní ìjọ, tí mo ní òyìnbó ń bá mi tọ́ ọmọ. Hẹ̀. Kí n máa pe gbogbo ayé wá wo bí wọ́n ti ń gbé e lọ.”

Kò bú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn kí ó bú mi. Nírọ̀lẹ́ ó pè mí, ó ní kí n gbé ìwé wá, òun fẹ́ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ìyá sí ìyá. Mo kọ ọ́ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Yorùbá ni mo sì fi í sílẹ̀, nítorí n kò gbẹ́kẹ̀ lé gẹ̀ẹ́sì mi mọ́. Ìwọ àti Fúnkẹ́ ni kí ẹ jọ gbé e lọ, kí ẹ jọ túmọ̀ rẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀. Òun nìyí:

“Ìyá tó ń tọ́ ọmọ mi, mo kí ọ kú ìtọ́jú, mo kí ọ kú àìsùn. Hannah ni orúkọ mi, èmi ni mo bí bàbá ọmọ náà. Ẹni tí o ń pè ní Súsàánì, Àlàkẹ́ ni mo pè é ní ọjọ́ tí ìròyìn ìbí rẹ̀ dé, n kò sì tíì fojú kàn án. Láràárọ̀ ni mo ń kí i bí ẹni pé ó ti jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibi tí yóò sùn ti wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé a fi í fún ọ, ọmọ mi Amos ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kí o bá wa tọ́ ọ la ní. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tọ́ ọmọ ti di ìyá ọmọ náà títí ayé. Bí ó bá ń lọ sílé ọkọ, ìwọ náà lo máa súre fún un. Bí ó bá bímọ, wọn yóò wí fún ọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ìyẹn jẹ́ tìrẹ, n kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà ilé nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ kí o má dí mọ́ ọn. Mo ti ń darúgbó, mo sì fẹ́ rí i.”

Dípọ̀, lọ yọ ọwọ́ rẹ kúrò nínú ìwé náà. Mo ti tẹ wáyà sí ọ láti Ọ̀yọ́ kí lẹ́tà yìí tó dé. Lọ bẹ ìyàwó rẹ. Bí ẹ̀bi bá wà láti pín, kó gbogbo rẹ̀ wá sílé, mo wà níbí.

Amos


Ìlọrá,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Júláì, 1964.

Dípọ̀,

A kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé wáyà dé? Ṣé lẹ́tà dé? Bí mo bá ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́, pósófíìsì ni mò ń gbà. Akọ̀wé ibẹ̀ ti mọ̀ mí débi pé orí ló ń mì sí mi láti ọ̀nà jíjìn kí n tó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń wò mí lọ́wọ́ bí mo bá ń wọlé.

Bí adájọ́ bá ti dá a, sọ fún wa. Bí o bá ń bá mi bínú, bú mi lójú ìwé méjèèjì, kí o ṣáà fi ránṣẹ́.

Amos


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Júláì, 1964.

Bàbá Adéwálé, bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ sọ fún Ìyá pé Bùkọ́lá kò bọ́ lọ́wọ́ wa.

Wáyà yín dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni Bàbá Bùkọ́lá wá dúró níwájú ilé àwọn nọ́ọ̀sì nínú òjò, kò ní agbòjò. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bẹ̀ ọ́.” Mo ní, “Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?” Ó ní, “Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.” Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti padà sílé.

Bí lẹ́tà Ìyá ti dé la gbé e lọ sí etí òkun. Bàbá Bùkọ́lá ń kà á ní Yorùbá, èmi ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Ìyá ní ibi tí yóò sùn ti wà, Mísíìsì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti gbé ọmọ náà wá, ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí pé ẹnìkan ń dúró dè é níbì kankan. Ó ní bí a kì í ti í wá púpọ̀, òun rò pé ọmọ náà kò lẹ́ni ni, pé bí òun kò bá fi ìwé dì í mú, ọjọ́ kan ni ìjọba máa wá kó o lọ.

Kò bá wa jà. Ó kọ̀wé sí adájọ́ pé òun kò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí a wá mú un kí òtútù tó dé, pé bí yóò bá lọ, kí ó tètè lọ, òun kò lè máa wò ó lójoojúmọ́ kí òun máa ka ọjọ́. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ sẹ́yìn ilé, kò padà wọlé títí a fi lọ.

A ti lọ mú ọmọ wa wá sọ́dọ̀ wa, sà, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Bùkọ́lá ń bi mí pé ìgbà wo ni òun máa padà sílé. Ìgbà díẹ̀ péré ni onílé wa gbà kó fi wà nínú yàrá yìí. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà ará Awẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ti parí ẹ̀kọ́ wọn, wọn yóò wọ ọkọ̀ òkun bọ̀ nílé kí ọdún tó parí. A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un dání wá fún Ìyá. Mo sunkún, mo tún gbà. Ó kéré tán, mo mọ ojú ọ̀nà ibi tí ó ń lọ.

Olúwafúnkẹ́


Ìlọrá,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Nòfẹ́ńbà, 1964.

Dípọ̀ àti ìyàwó wa,

Ọmọ dé láyọ̀. Olúṣínà àti ìyàwó rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà fúnra wọn. Ara rẹ̀ le.

N kò ní fi oyin sí i fún yín. Ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Ó ń sunkún bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, “Mọ́mì” ló ń pè, gbogbo ilé sì mọ̀ pé kì í ṣe Fúnkẹ́ ló ń pè. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Èmi ni wọ́n ń sáré wá pè: “Tíṣà, ẹ wá gbọ́ ohun tó ń wí!” Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára jù fún mi. Mo ní kó tún un sọ, ó wò mí tàánú-tàánú, ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Omi ló ń béèrè.

Ìyá kò da ara rẹ̀ láàmú rárá. Yorùbá ló ń sọ sí i láti òwúrọ̀. “Àlàkẹ́, gbé àga yẹn sún mọ́ mi. Àlàkẹ́, wo adìyẹ yẹn, olè ni.” Lánàá ọmọ náà tọ́ka sí adìyẹ náà, ó ní, “Olè.” Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pariwo. Ó jẹ iṣu lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀, láti ọwọ́ Ìyá.

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá ní kí n jókòó. Ó ní, “Amos, obìnrin yẹn, kí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní èdè wọn? Ẹni tó tọ́ ọmọ, tó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì gbé e padà.”

Mo ronú. Mo ní n kò mọ̀, Ìyá.

Ó ní, “Wo ìwé rẹ.”

Mo ní n kò rò pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́ sí ọ báyìí, Dípọ̀: kí o wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ, kí o má fi lẹ́tà ṣe é. Kí o sọ fún un pé ọmọ ti jẹun. Lẹ́yìn náà kí o dọ̀bálẹ̀ fún un, àyà rẹ kí ó kan ilẹ̀, níbikíbi tó bá ti ṣílẹ̀kùn fún ọ, ìbáà ṣe ojú títì. Bí ó bá bi ọ́ pé kí ni èyí túmọ̀ sí, kí o má túmọ̀ rẹ̀. Kí o wà nílẹ̀ títí yóò fi ní kí o dìde.

Amos